Epo Pupa Nínú Abẹ̀bẹ̀ Mọ́tò

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ọkọ yín bá ní ọwọ́ líle, ẹ ó ti mọ ohun tó ń ṣe Jeanne kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bá mi gbọ́ ọ.

Nígbà náà, Dàhòmè ni wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa. Òmìnira kò tíì hu eyín, àwọn sójà sì ti ń já ìjọba gbà lọ́wọ́ ara wọn. Abọ́dúndé, ọkọ Jeanne, wà lára àwọn díẹ̀ tó ní mọ́tò ní Adja-Ouèrè. Ọkọ̀ gígùn tí wọ́n ń pè ní famiyáàlì ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń kó àwọn obìnrin ọlọ́jà sínú rẹ̀, ó di Pobè, ó di Àjàṣẹ́.

Ní àsìkò ọyẹ́, ìkúùkù máa ń bo àbàtà Ikpinlè mọ́lẹ̀. Èémí àwọn èrò tó kún inú mọ́tò á tún bo dígí iwájú, yóò funfun bí ẹni da ògì sí i. Ohun tó ń gba awakọ̀ là ni abẹ̀bẹ̀ kékeré kan tó wà lábẹ́ dígí náà. Yóò máa fẹ́ atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ sójú dígí títí yóò fi mọ́.

Lọ́dún náà, abẹ̀bẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ó ń han bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n di lẹ́sẹ̀. Àwọn obìnrin ọlọ́jà wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Awakọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ fi sábẹ́ dígí yẹn, ṣé títà ni?”

Abọ́dúndé á bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́nà. Ilé ló máa ń gbé ìbínú rẹ̀ dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Jeanne náà fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ ṣeré. Ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní, “Bàbá Ayọ̀délé, ẹlẹ́dẹ̀ yín kò tíì kú?”

Ìgbájú tó tẹ̀ lé e gbé e lu ògiri. Ọbẹ̀ dà. Ayọ̀délé, ọmọ wọn tí kò tíì ju ẹni tó ń rá lọ, bú sẹ́kún.

Málọmọ́, àbúrò Abọ́dúndé, ló sáré wọlé tó gba ọmọ. Ìyá wọn ti sin ọmọ tó pọ̀ kó tó bí Málọmọ́ tó sì dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ́ iṣẹ́ mọ́tò ní Àjàṣẹ́, ó sì jẹ́ ẹni tí kì í gbé ohùn sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tú abẹ̀bẹ̀ yẹn wò. Eruku ọyẹ́ ló wọ ibi tó ti ń yí. Ẹ jẹ́ kí n nù ún, kí n fi gíríìsì ra á, ó tán.”

“Kí o tú u? Kí o lè dọ́gbọ́n jókòó sídìí ọkọ̀ mi? Mo ti sọ fún ọ, ìwọ kọ́ ló máa wà á. Ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kan mọ́tò yẹn.” Ó yíjú sí Jeanne. “Ìwọ náà, gbọ́. Ti Ògún ni irin. Obìnrin kì í ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.”

Málọmọ́ gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ó sì jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa Jeanne. Kò ní èrò ibi lọ́kàn. Inú ilé tí wọ́n ti ń fún epo ni wọ́n bí i sí ní Kpoulou. Níbẹ̀, bí ìlẹ̀kùn bá ń ké, epo pupa ni wọ́n ń ta sí i. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń dún, epo pupa. Irin kankan kò tíì kọ epo fún un rí. Gíríìsì kò sí nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n epo wà níbẹ̀ tó kún agolo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn ń ta bí iná. Abọ́dúndé sùn fọnfọn lórí ẹní. Jeanne dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo mọ́tò. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì ń ta á. Ó rò ó pé bí ariwo yìí bá dákẹ́, ọwọ́ náà yóò dákẹ́.

Ó bu epo. Ní ọ̀sán bẹ́ẹ̀, epo ń ṣàn gereere bí omi. Ihò tóóró kan wà lábẹ́ dígí níbi tí atẹ́gùn ti ń jáde. Ó fi ìdí ṣíbí wá ọ̀nà, ó rọra ń ta epo sínú rẹ̀, ó ń ta á, títí ó fi gbọ́ tí ó ń kán lọ sí ìsàlẹ̀. Ó nu ojú ibẹ̀ mọ́. 

Nígbà tí Abọ́dúndé jí tó tan abẹ̀bẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Ó tún tan án. Kò sí ariwo.

“Jeanne! Wá gbọ́ nǹkan! Ògún ti gbọ́ ohùn mi!”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ra ẹja yíyan wálé. Ó gbé Ayọ̀délé sórí itan. Ó pe ìyàwó rẹ̀ ní “Jeanne mi,” ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Ṣé ẹ rí i? Ta ni ìbá la ẹnu ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kó sọ pé òun ló ki ọwọ́ bọ inú irin Ògún? Jeanne gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì dùn lọ́fun rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọyẹ́ fi le sí i. Abẹ̀bẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ìṣe mìíràn. Ní ìdájí, kò ní yí rárá, fúsíbù rẹ̀, okùn tín-ín-rín tí iná ń gbà kọjá, á sì jó. Bí Abọ́dúndé bá fi fúsíbù tuntun sí i lọ́sàn-án, á máa yí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ó di ìdájí, ó tún kú.

“Ẹnì kan ló ń fi ọkọ̀ yìí ṣe mí,” ni Abọ́dúndé ń sọ. Ojú Málọmọ́ ló sì ń wò.

Ní òwúrọ̀ ọjà kan, Jeanne tètè jí kó lè se oúnjẹ ọmọ. Otútù mú débi pé ó ń gbọ̀n. Ó ki ṣíbí bọ inú agolo epo. Ṣíbí kò wọlé. Epo ti dì gbagidi, ó le bí ìyẹ̀pẹ̀ amọ̀.

Ó dúró, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ronú kan ọ̀sán, ó ronú kan ìdájí.  Bí epo ṣe dì nínú agolo yìí ló ṣe dì mọ́ abẹ̀bẹ̀ lọ́rùn.

Ó sáré jáde. Abọ́dúndé ti ṣáná sí mọ́tò, àwọn obìnrin ti há ara wọn mọ́nú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù.

“Bàbá Ayọ̀délé!”

“Kí ni?”

Gbogbo ojú yí sí i. Ó rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí ìdarí mọ́tò.

“Ẹ… ẹ rọra wà á o.”

“Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀! Ṣé ìwọ ló kọ́ mi ní mọ́tò?” Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ṣí.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti wọ́ ní àbàtà Ikpinlè, dígí ti funfun báláú. Abọ́dúndé kò rí imú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ní kí Kùdírátù, obìnrin onígàrí tó jókòó tì í, fi etí gèlè nu dígí. Kùdírátù tẹ̀ síwájú láti nù ún, ara rẹ̀ bo ọ̀nà mọ́ awakọ̀ lójú. Táyà bọ́ sí eteetí ọ̀nà. Mọ́tò já sí kòtò, ó dojú kọ ilẹ̀ gbàmù.

Apá Kùdírátù kán sí méjì. Igbe rẹ̀ ta dé oko àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n dé pẹ̀lú èèkù ọkọ́ lọ́wọ́. Wọn kò béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n wọ́ Abọ́dúndé jáde láti ojú fèrèsé.

“Apànìyàn! Ojú rẹ fọ́ ni?”

“Abẹ̀bẹ̀ ni! Abẹ̀bẹ̀ mọ́tò ni kò…”

“A ó fẹ́ ọ ní abẹ̀bẹ̀ lónìí!”

Wọ́n lù ú títí eyín iwájú rẹ̀ fi já sínú erùpẹ̀. Wọ́n lù ú lẹ́yìn, wọ́n lù ú nínú. Àwọn arúgbó abúlé ló dùbúlẹ̀ lé e lórí kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá a fa ọkọ̀ jáde. Ó wà á délé, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára.

Jeanne gbọ́ tí ọkọ̀ dúró. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti gbọ́ orúkọ tí ọkọ rẹ̀ ń pè.

“Málọmọ́!”

Málọmọ́ jáde láti yàrá rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n! Ta ló ṣe yín báyìí?”

Ẹ̀ṣẹ́ ni ìdáhùn. Ó ṣubú. Abọ́dúndé fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ó fi okùn ẹrù di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ igi ọsàn àárín agbo ilé. Ó mú bẹ́líìtì mọ́tò tó ti gbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà án.

“Kí lo ṣe sí abẹ̀bẹ̀ mi?”

“N kò fọwọ́ kàn án! Ẹ̀gbọ́n, mo fi ìyá wa bẹ̀…”

“Kí lo ṣe sí i? O fẹ́ kí n kú kí o lè jogún mọ́tò!”

Bẹ́líìtì ń dún fàì, fàì. Awọ ẹ̀yìn Málọmọ́ là. Ìyá wọn, Ẹfúnwùmí, sáré kúrò nídìí iná, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀ kékeré. “Èmi ni kí o nà! Èmi tí mo bí ẹ̀yin méjèèjì ni kí o pa!” Abọ́dúndé fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, ìyá àgbàlagbà náà yí gbirigbiri nílẹ̀.

Jeanne wà lójú fèrèsé, Ayọ̀délé wà lẹ́yìn rẹ̀. Málọmọ́ gbé orí sókè, ó rí i.

“Ìyàwó! Ìyàwó wa, bá mi sọ fún un!”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu rẹ̀ là. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó rí ẹ̀jẹ̀ lára bẹ́líìtì, ó fojú inú rí i lára ara rẹ̀, ó fojú inú rí i lára ọmọ tó pọ̀n. Ó kúrò lójú fèrèsé, ó lọ ń koná tí kò kú.

Bàbá Èṣùbíyì, àbúrò bàbá wọn, olórí agbo ilé, ló já bẹ́líìtì gbà nígbẹ̀yìn.

“Abọ́dúndé, ṣé ẹranko ni ọ́? Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan irin, irin ni yóò dá a.”

Ó gbé irin Ògún ilé wọn jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà nìyẹn: ẹni tí wọ́n bá fura sí yóò fi ahọ́n kan irin. Bó bá parọ́, irin ni yóò pa á kí ọdún tó yí. Gbogbo ẹni tó sùn ní agbo ilé náà ló ní kó ṣe é.

Málọmọ́ kọ́kọ́ ṣe é, ó ṣì wà nínú ìdè. Ó lá irin náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. “Bí mo bá fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ yẹn, kí irin má ṣàì pa mí.”

Abọ́dúndé tu itọ́ pupa sílẹ̀. “Ẹ ń fi irin dẹ́rù ba àbíkú? Ẹni tó ti kú lọ kú bọ̀, ìbúra wo ló máa bà á lẹ́rù?”

Ó kan Jeanne.  Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ kan mẹ́dáyì, idẹ kékeré tí àwòrán Màríà wà lára rẹ̀, tó so mọ́ ọrùn.

“Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti ṣe ìrìbọmi. Fadá kò gbà kí n búra níwájú irin.”

“Ọlọ́run àwọn òyìnbó mà tún gbà ọ́ o!” ni Abọ́dúndé wí.

“Fi í sílẹ̀,” ni Bàbá Èṣùbíyì wí. “Ìyàwó ilé ni. Kí ló kan obìnrin nínú mọ́tò?”

Bẹ́ẹ̀ ni Jeanne ṣe sá sẹ́yìn ìyá Olúwa.

Málọmọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tú abẹ̀bẹ̀ náà lójú gbogbo wọn. “Ṣùgbọ́n ó di ìdájí. Ìdájí ni àìsàn rẹ̀ ń dé. Bí mo bá tú u nísinsìnyí, n kò ní rí i.” Abọ́dúndé gbà, ṣùgbọ́n ó ní Málọmọ́ kò ní kúrò nídìí igi títí di ìgbà náà. Ìyá wọn fi aṣọ bò ó. Jeanne gbọ́ tí ó ń wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò ṣí ìlẹ̀kùn jáde lọ bá a.

Nígbà tí àkùkọ kọ, wọ́n tú u sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ti wú pa. Abọ́dúndé fi àdá gé okùn náà, kò sì ju àdá náà sílẹ̀. Ó dúró lé àbúrò rẹ̀ lórí pẹ̀lú rẹ̀.

Málọmọ́ tan abẹ̀bẹ̀. Kò yí. Ó yọ fúsíbù, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ àtùpà. “Ẹ wò ó, okùn inú rẹ̀ ti jó.” Ó fi òmíràn sí i. Ó yọ wáyà kúrò lẹ́nu abẹ̀bẹ̀, ó fi gílóòbù iná ẹ̀yìn mọ́tò kàn án. Gílóòbù tàn.

“Iná ń dé ibẹ̀. Wáyà kò ní àìsàn. Abẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe.”

Ó fi ìka tì í. Kò mì. Ó tú àwọn bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fa abẹ̀bẹ̀ náà jáde. Nǹkan pupa kan, tó ti dì mọ́ eruku, dì í lọ́rùn bí amọ̀.  Ó gbé e súnmọ́ iná tí ìyá rẹ̀ dá. Nǹkan náà yọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán to-to-to, òórùn rẹ̀ sì gba agbo ilé kan. Abẹ̀bẹ̀ yí fìrì lọ́wọ́ rẹ̀.

“Epo pupa,” ni ìyá àgbà sọ, bí ẹni tó ń lá àlá.

“Epo!” Abọ́dúndé bú ramúramù. “Ó da epo sí i! Ẹ ti rí i o, ẹ ti fojú ara yín rí i! Èmi ni ó fẹ́ pa!”

“Ẹ̀gbọ́n, mẹkáníìkì wo ló máa da epo pupa sí…”

Àdá ti lọ sókè.

“Èmi ni!”

Jeanne kò mọ ìgbà tí òun dé àárín agbo ilé. “Èmi ni mo dà á sí i! Ó ń han, ẹ sì ń lù mí, mo fẹ́ kó dákẹ́. Málọmọ́ kò mọ nǹkan kan.” Orúkọ rẹ̀ gan-an ló pè, èyí tí ìyàwó ilé kì í pe ọkọ kékeré.

 Àdá ṣì wà lókè. Abọ́dúndé yíjú sí i díẹ̀díẹ̀.

“Ìwọ?”

“Ẹ dárí jì mí.”

“Wọ́n yọ mí léyín. Mo na àbúrò mi bí olè. Ìwọ sì ń gbọ́?”

Kò dúró de ìdáhùn. Àdá sọ̀ kalẹ̀. Jeanne fi ọwọ́ méjèèjì bo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ojú. Ó gbọ́ ìró, ṣùgbọ́n ìrora kankan kò kàn án. Nígbà tó lajú, Málọmọ́ wà níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹnu àdá mú. Ẹ̀jẹ̀ tú sí Jeanne láyà. Ìka ọmọkùnrin náà wà nínú erùpẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Bàbá Èṣùbíyì fi ọmọ odó gbá Abọ́dúndé ní orúnkún. Àwọn ará ilé bò ó. Wọ́n lù ú débi pé nígbà tí àwọn ọlọ́pàá jandámù dé láti Pobè, gbígbé ni wọ́n gbé e.

Jeanne kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Àwọn kan sọ pé ó jẹ̀bi, àwọn kan ní ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi kò mọ̀. Mo mọ̀ pé epo tó dà sínú mọ́tò, àṣìṣe ni, ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe é. Èyí tó ṣe lójú fèrèsé ni mo fi kọ ìtàn yìí. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń bẹ̀rù ọwọ́ kan nínú ilé yín, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ rí ẹni tí ọwọ́ náà ń bà nígbà tí ẹ bá dákẹ́.

Nígbà tí ọgbẹ́ Málọmọ́ ń jinná ní ilé ìwòsàn, Jeanne gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há.

“Dìde, ìyàwó wa. Ilẹ̀ yẹn tutù.”

“Ọkọ mi, ọwọ́ yín… Iṣẹ́ yín…”

Ó wo aṣọ funfun tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀.

“Lọ́jọ́ tó ń nà mí, mo rí ọ lójú fèrèsé. Mo rí i lójú rẹ pé o mọ nǹkan kan.”

Jeanne gbé orí sókè. “Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́? Ẹ̀ bá nawọ́ sí mi, òun ì bá fi yín sílẹ̀.”

“Mo ní ìwọ fúnra rẹ á jáde wá,” ni Málọmọ́ wí. “Gbogbo ìgbà tí bẹ́líìtì bá ti lọ sókè, mo máa ń sọ fún ara mi pé, dúró, ó ti ń bọ̀.”